Orí Karùn-ún: Bí A Ṣe Ń Dá Áńpù Jimi Hendrix Mọ̀ Lórí Ìtàgé

"Áńpù wo ni Jimi Hendrix lò?" Báyìí ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo sì ni. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1966 ló gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1970 ló sì kú sí ìlú kan náà. Kò pé ọdún mẹ́rin. Láàárín àkókò kékeré yẹn, oríṣiríṣi áńpù ló ti dúró lẹ́yìn rẹ̀: Burns tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá níbẹ̀rẹ̀, Marshall tó pọ̀ jù lọ, Fender ní àwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà, àti Sunn ní 1968. Ẹni tó bá dárúkọ ẹyọ kan tó sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun náà nìyẹn, ẹ bi í pé lálẹ́ ọjọ́ wo.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe nínú orí yìí nìyẹn, ká mú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó máa wá. Ọjọ́ wo ni wọ́n ya fọ́tò tàbí fíìmù tó wà lọ́wọ́ yín? Kí ló dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn? Nínú àwọn tó dúró, èwo ni ohùn gìtá rẹ̀ ń tinú rẹ̀ jáde? Ìbéèrè kẹta ló le jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá. Wọ́n á rí àpótí mẹ́fà lẹ́yìn Hendrix, wọ́n á ka orúkọ tó wà lára wọn, ó parí. Àpótí tó dúró lórí ìtàgé lè má ní wáyà kankan nínú.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Fọ́tò tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dára tó. A ní oríire kan nínú ọ̀rọ̀ Hendrix, nítorí àwọn eré rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, fíìmù ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ fi ṣe òpó tí ẹ ó máa so ẹ̀rí yín mọ́. Ó ta gìtá ní gbọ̀ngàn Olympia ní Paris ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 1966, nígbà tó ń tẹ̀lé olórin Johnny Hallyday káàkiri Faransé. Ó wà ní Saville Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1967. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ó dáná sun gìtá rẹ̀ ní Monterey ní California, níbi tí D. A. Pennebaker ti ya fíìmù. Stockholm jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1969, Royal Albert Hall jẹ́ ọjọ́ 18 àti 24 oṣù Kejì ọdún kan náà, Woodstock sì jẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ. Fillmore East ní New York bọ́ sí ìparí 1969 àti ọjọ́ kìíní 1970. Ní 1970 yẹn kan náà, Berkeley jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, Maui ní Hawaii jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Keje, erékùṣù Wight ní England sì bọ́ sí òru tó mọ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ.

Bí fọ́tò kò bá ní ọjọ́, ẹ wo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá jẹ́ Noel Redding ló gbé gìtá béèsì, ẹ mọ̀ pé kò kọjá oṣù Kẹfà 1969, nítorí ìgbà náà ló kúrò nínú ẹgbẹ́ Hendrix. Billy Cox ló gba ipò rẹ̀. Tó bá jẹ́ Cox ló ń ta béèsì tí Buddy Miles sì ń lu ìlù, Band of Gypsys nìyẹn, ẹgbẹ́ tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú, ìparí 1969 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Tí ẹ bá rí onígìtá kejì tó ń jẹ́ Larry Lee, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1969 ti àwọn Amẹ́ríkà ni.

Gìtá ọwọ́ rẹ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀. Gibson SG funfun fara hàn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Stockholm àti ní Royal Albert Hall ní 1969. Gibson Flying V dúdú tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì gan-an jẹ́ ti 1970, ó sì gbé e ní Wight. Ẹ má fi aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ ọjọ́ o, nítorí aṣọ kan náà lè wà nínú eré méjì tó jìnnà síra.

Ṣé fọ́tò náà kò yí padà?

Hendrix gangan ló mú kí èyí ṣe pàtàkì. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lò. Bí ó bá kọjú sí wa, ọrùn gìtá rẹ̀ á nà sí apá òsì wa. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti tẹ fọ́tò rẹ̀ ní ìyípadà, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo inú dígí, yálà nítorí àṣìṣe, yálà nítorí pé olóòtú rò pé gìtá gbọ́dọ̀ nà sí ọ̀tún bíi ti àwọn yòókù.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún wa kì í ṣe ti gìtá nìkan. Lára orí áńpù Marshall ti àkókò yẹn, tí ẹ bá kọjú sí i, ihò mẹ́rin tí wáyà gìtá ń wọ̀ wà ní ìkángun ọ̀tún, súwíìṣì sì wà ní òsì. Lára orí áńpù Fender ti àkókò kan náà, ihò wáyà wà ní òsì. Bí wọ́n bá yí fọ́tò Marshall padà tí òkùnkùn sì bo orúkọ ara rẹ̀, ihò á bọ́ sí òsì, ẹ ó sì fọkàn balẹ̀ pé Fender lẹ ń wò. Nítorí náà, kí ẹ tó wo áńpù rárá, ẹ wá lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣeé kà nínú fọ́tò náà, ì báà jẹ́ lára ìlù, lára aṣọ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Tí kò bá sí lẹ́tà kankan, ẹ wo bọ́tìnì ẹ̀wù àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀, nítorí apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni bọ́tìnì ẹ̀wù ọkùnrin máa ń wà.

Ojú Marshall

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ṣe é kí a tó mọ ojú rẹ̀. Jim Marshall jẹ́ onílù tó ń kọ́ni ní ìlù. Ní 1960 ó ṣí ilé ìtajà ohun èlò orin sí òpópónà Uxbridge ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onígìtá tó ń wá sí ilé ìtajà náà ló ń kùn pé áńpù Fender láti Amẹ́ríkà wọ́n jù. Ken Bran tó ń tún nǹkan ṣe nílé ìtajà náà, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dudley Craven, tú Fender Bassman wò, wọ́n sì ṣe tiwọn ní 1962. Wọ́n pè é ní JTM45. Lẹ́tà orúkọ Jim àti ọmọ rẹ̀ Terry ni J àti T yẹn. Nítorí náà Marshall àti Fender jọ tan láti inú, ọ̀kan lára ìdí tí mo fi ń kìlọ̀ pé etí nìkan kò tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who ló wá ní ohùn òun kò tíì pọ̀ tó. Àwọn Marshall ṣe áńpù wáàtì 100 fún un, wọ́n sì kan àpótí kan tó gba sípíkà mẹ́jọ. Àpótí náà wúwo débi pé àwọn tó ń ru ẹrù ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bá gé e sí méjì, sípíkà mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, orí áńpù lórí gbogbo rẹ̀. Àwòrán yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ mọ Hendrix. Mitch Mitchell, onílù Hendrix, ti ṣiṣẹ́ nílé ìtajà Jim Marshall rí, òun ló sì mú ọ̀gá rẹ̀ tuntun lọ bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní 1966. Orúkọ àwọn méjèèjì bára mu lọ́nà àrà, nítorí James Marshall Hendrix ni orúkọ onígìtá náà. Jim Marshall fúnra rẹ̀ sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé Hendrix kò béèrè ọ̀fẹ́. Iye tí wọ́n ń tà á ló fẹ́ san, kìkì pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà nítòsí níbikíbi tó bá ti bàjẹ́. Ó wú mi lórí gan-an pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lówó lọ́wọ́ nígbà náà ronú bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ojú rẹ̀. Bí a ṣe ń fi ilà ojú mọ ilé ẹni láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni a óò fi bọ́tìnì mọ áńpù. Orí áńpù Super Lead wáàtì 100, tí nọ́ńbà irú rẹ̀ jẹ́ 1959 (nọ́ńbà lásán ni o, kì í ṣe ọdún), ní bọ́tìnì mẹ́fà ní ìlà kan. Láti òsì sí ọ̀tún, "Presence" ló ṣáájú, "Bass" tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà "Middle" àti "Treble", kí àwọn méjì tó ń gbé ohùn sókè tó wá kàn. Lẹ́yìn wọn ni ihò wáyà mẹ́rin. Pátákó tí bọ́tìnì wà lára rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Títí di àárín 1969, ike dídán ni wọ́n fi ń ṣe pátákó náà. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n sọ ọ́ di irin. Nínú fọ́tò tó mọ́, ike máa ń tan ìmọ́lẹ̀ iná ìtàgé padà sí ojú kámẹ́rà ní ojú kan ṣoṣo, bíi gíláàsì, nígbà tí irin máa ń tàn ní fààfàà káàkiri. Èyí wúlò púpọ̀ fún 1969, nítorí a lè rí ike àti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìtàgé kan, áńpù àtijọ́ pẹ̀lú tuntun.

Orúkọ "Marshall" tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, èmi sì máa ń fi í ṣe ìkẹyìn. Ó rọrùn láti yọ, ó rọrùn láti lẹ̀. Àwọn tó ń ru ẹrù máa ń fọ́ ọ, lẹ́tà kan lè já, àpótí ẹlòmíràn lè wà lábẹ́ orí áńpù tó ní orúkọ yìí.

Àwọn ìbátan tó ń tanni jẹ

Ẹni tó bá ti mọ bọ́tìnì mẹ́fà yìí lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí, nítorí ìdílé Marshall pọ̀.

Super Bass, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1992, ní ojú kan náà gẹ́lẹ́, bọ́tìnì mẹ́fà, ihò mẹ́rin. Inú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti Super Lead lọ. Ẹ̀yìn àpótí ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ irú rẹ̀ sí. Fọ́tò tí wọ́n yà láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran kò lè sọ èwo ni. Nígbà tí ẹ bá ní fọ́tò iwájú nìkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Marshall wáàtì 100, oníbọ́tìnì mẹ́fà", kí ẹ dúró síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún akọrin, Super PA, ni ojú rẹ̀ yàtọ̀ kedere, nítorí ihò wáyà mẹ́jọ ló ní.

Ohun tó tún máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni "JTM 45" tí wọ́n kọ sára díẹ̀ nínú àwọn áńpù wáàtì 100 àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì ní pátákó iwájú ti àtijọ́ nílẹ̀, wọ́n sì ń lò ó lọ. Ẹni tó bá ka "45" tó sì kọ wáàtì 45 sínú ìwé rẹ̀ ti gé áńpù náà sí ìlàjì. Láti 1967, "JMP" rọ́pò "JTM" lára pátákó. Tí ẹ bá lè ka lẹ́tà mẹ́ta yìí nínú fọ́tò, ẹ ti ní ọjọ́ lọ́wọ́ lápá kan.

Áńpù Park ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Marshall gan-an ló ń ṣe Park. Ní 1965 Jim Marshall bá ilé-iṣẹ́ Rose-Morris ṣe àdéhùn pé àwọn nìkan ni yóò máa pín áńpù òun kiri, àdéhùn náà sì já ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tajà ní àríwá jù sílẹ̀. Kó má baà dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ó ń ṣe áńpù kan náà lórúkọ mìíràn. Narb náà wà, orúkọ Bran tí wọ́n kà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Kí n má parọ́, n kò rí ẹ̀rí kankan tó fi Hendrix sídìí Narb. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo fọ́tò ẹgbẹ́ mìíràn tó bá Hendrix lo ìtàgé kan náà lọ́jọ́ kan náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé áńpù lè jẹ́ Marshall nínú kí orúkọ ìta má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ iwájú sípíkà

Ibi tí fọ́tò dúdú-òun-funfun ti ń ràn wá lọ́wọ́ jù nìyí, nítorí batánì aṣọ máa ń hàn kódà nígbà tí àwọ̀ kò hàn. Aṣọ onílà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára àpótí Marshall nígbà tí Hendrix bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n. Ní nǹkan bíi 1968 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí dúdú àti funfun rẹ̀ dà pọ̀ bí iyọ̀ pẹ̀lú ata. Èyí tó ní ìgun mẹ́rin-mẹ́rin gàdàgbà bíi pátákó dráàfù dé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí ẹ bá rí i nínú fọ́tò tí wọ́n ní Hendrix ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni, yálà kì í ṣe Hendrix, yálà wọ́n fi kọ̀ǹpútà lẹ fọ́tò méjì pọ̀.

Aṣọ ló tún ń yọ Vox kúrò nínú ọ̀rọ̀ kíákíá. Dáyámọ́ńdì tó fara kan ara wọn ni ti Vox, kò sì sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní irú rẹ̀ nígbà náà. Ní Monterey, Vox ni The Who lò. Ẹ rántí pé orí ìtàgé kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ń gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrù ẹgbẹ́ tó ṣáájú lè má tíì kúrò. Áńpù tó wà nínú fọ́tò Hendrix lè jẹ́ ti ẹni tó ti ṣeré ṣáájú rẹ̀.

Ìwọ̀n àpótí náà jẹ́ ẹ̀rí. Fífẹ̀ àpótí Marshall onísípíkà mẹ́rin jẹ́ nǹkan bíi 30 íńṣì, gígùn gìtá Stratocaster sì sún mọ́ 39. Hendrix fẹ́ràn láti gbé gìtá rẹ̀ lọ síwájú sípíkà gan-an kí ohùn lè máa ké yípo, nígbà náà sì ni gìtá àti àpótí wà ní ìjìnnà kan náà sí kámẹ́rà. Ẹ wá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọn àwọn méjèèjì. Bí fífẹ̀ àpótí bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn gìtá, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè mọ àpótí gíga tó ga ju ti gbogbogbòò lọ. Hendrix lo irú èyí, débi pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ Marshall ṣe áńpù ìrántí fún un ní 2006, àpótí gíga ni wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Sunn, àti ìdí tí kò fi yẹ kó dà wá láàmú

Conrad àti Norm Sundholm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló dá Sunn sílẹ̀ ní Oregon. Norm ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ The Kingsmen, ohùn béèsì rẹ̀ kò sì gbọ́ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohun tó fà á nìyẹn. Ní 1968 wọ́n bá àwọn Hendrix ṣe àdéhùn láti máa fún wọn ní áńpù, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò pẹ́, Hendrix sì padà sí Marshall. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi kọ orúkọ "sunn" sára àpótí, pẹ̀lú àmì róbótó tí ìlà yíyípo bíi ìgbì ń ti ara rẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fọ́tò 1968. Noel Redding náà lo Sunn fún béèsì rẹ̀. Kí ẹ tó ní Hendrix ló ni àpótí Sunn tó hàn nínú fọ́tò, ẹ wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú tí kámẹ́rà kọ mànà nìkan, nítorí Hendrix kì í dúró sójú kan.

Èwo ló ń sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú Woodstock, nítorí ojúmọmọ ni, fíìmù Michael Wadleigh sì mú ìtàgé náà láti ọ̀nà púpọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí Hendrix kẹ́yìn eré, òjò àti ìdádúró tì í di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sílé. Ó gbé Stratocaster funfun, èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoPOP ní Seattle lónìí. Àpótí Marshall dúró lẹ́yìn rẹ̀, orí áńpù wà lókè wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Wáyà kúrò nínú gìtá, ó lọ sí ilẹ̀. Nílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn pẹ́dàlì wà: wah ti Vox, Fuzz Face tó rí róbótó bí ẹsẹ̀ ọ̀pá maikirofóònù, àti Uni-Vibe tí Fumio Mieda ṣe ní Japan. Wáyà tó jáde nínú pẹ́dàlì ìkẹyìn ni ẹ ó tọ̀ lọ, kì í ṣe àpótí tó tóbi jù. Ó ń lọ sínú ihò kan lára orí áńpù kan. Ihò méjì-méjì ló wà fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lára Marshall, nítorí náà wáyà kúkúrú lè tún ti ihò kejì jáde lọ sínú orí áńpù tó tẹ̀lé e, láti ibẹ̀ lọ sí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń so áńpù mẹ́ta mọ́ gìtá kan nìyẹn. Tí ẹ bá rí wáyà kúkúrú yìí láàárín orí áńpù méjì, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ má rò pé ó wà. Áńpù wáàtì 100 tí wọ́n bá yí dé òpin máa ń jóná láàárín eré, ọlọ́gbọ́n sì máa ń gbé àfikún dání, tí yóò kàn dúró lókè láìní wáyà títí wọn yóò fi nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbàgbé pé onígìtá méjì ló wà lórí ìtàgé yẹn. Larry Lee náà nílò áńpù. Nínú àwọn àwo orin tó jáde láti Woodstock, wọ́n rẹ ohùn gìtá rẹ̀ sílẹ̀ débi pé agbára káká la fi ń gbọ́ ọ, nítorí náà ẹni tó bá fi etí nìkan ṣe ìdájọ́ yóò kó gbogbo Marshall ibẹ̀ fún Hendrix. Ojú ló máa gba Larry Lee sílẹ̀ níbi tí etí ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ wo apá ibi tó dúró sí, kí ẹ yọ áńpù apá ibẹ̀ kúrò nínú kíkà yín títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí.

Ohun kan tó kù ni maikirofóònù. Eddie Kramer ló ń gba ohùn náà sílẹ̀ ní Woodstock. Ohun tí àwo orin ń jẹ́ ká gbọ́ kì í ṣe gbogbo àpótí tó ń dún lọ́jọ́ yẹn, bí kò ṣe sípíkà tí maikirofóònù wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pá kékeré tó tẹ̀ síwájú aṣọ sípíkà, tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kíyè sí, ló ń tọ́ka sí àpótí tí ẹ ti ń gbọ́ nílé yín. Nígbà tí mo bá ń wo fíìmù, òun ni mo máa ń wá ṣáájú àwọn bọ́tìnì pàápàá, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ní Hendrix ló ni

Ẹ ó bá a pàdé ní gbàǹjo, áńpù kan tí wọ́n ń pè ní ti Hendrix. Ẹ yí i padà. Láti oṣù Keje 1969, Marshall bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tó ní apá mẹ́ta: lẹ́tà irú áńpù níwájú (SL jẹ́ Super Lead), nọ́ńbà rẹ̀ láàárín, àti lẹ́tà kan tó gbẹ̀yìn pátápátá tó ń sọ ọdún. A nínú lẹ́tà ọdún jẹ́ 1969 sí 1970, wọ́n fo B, C sì jẹ́ 1971. Ẹ má ka A tó lè wà nínú lẹ́tà iwájú mọ́ ọdún. Áńpù tí lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀ jẹ́ C kò sí láyé nígbà tí Hendrix wà láyé.

Lẹ́tà A kò tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ó kàn sọ pé ọdún náà gbà. Ẹ wo fáàfù inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn gílóòbù mẹ́rin tó tóbi jù. KT66 ní èjìká, ó sanra láàárín, òun ló wà nínú àwọn wáàtì 100 àkọ́kọ́. EL34 tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gún gbọọrọ ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù ṣeé pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má gbára lé e púpọ̀.

Àpá ara ni kí ẹ wá. Awọ dúdú tó bo àpótí máa ń ya níbi kan, igun kan máa ń ṣí, sìgá máa ń jó ojú kan, irin igun kan á wọ́. Àpá méjì kò jọra. Ẹ mú fọ́tò Hendrix tí ẹ ti mọ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí wọ́n ń tà, kí ẹ wá yíya kan náà ní ibi kan náà, pẹ̀lú gígùn àti títẹ̀ kan náà. Ẹyọ kan lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Bí àpá mẹ́ta bá bára mu tí fọ́tò náà kò sì yí padà, ẹ lè pe ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí kó wá wò ó, láìsọ ohun tí ẹ ti rí fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí òun náà bá fi ojú ara rẹ̀ rí.